Lẹ́tà Ìlà Kan Nítorí Ọwọ́ Aránṣọ

[Ẹni tó pè ni Nọ́ọ̀sì Àgbà ní ẹ̀ka àrùn oríkèé nílé ìwòsàn ńlá, òun ni gbogbo lẹ́tà àwọn dókítà àdúgbò ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹni tó gbé fóònù ni Dókítà, ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń dá nìkan ṣiṣẹ́ ní kílíníìkì kékeré kan lójú títì. Agogo mẹ́ta ti kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gbé e.]

DÓKÍTÀ: Hẹ́lò, Àǹtí, ẹ káàsán, ẹ kú iṣẹ́, ṣé àlàáfíà lẹ wà, ilé ńkọ́ —

NỌ́Ọ̀SÌ: Dókítà! Dókítà mi! Ọkọ mi àtàtà —

DÓKÍTÀ: Àǹtí, ẹ má bínú o. Ènìyàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi —

NỌ́Ọ̀SÌ: Mi ò ní pẹ́. Mo kàn fẹ́ kí o kọ́ mi ní nǹkan ni.

DÓKÍTÀ: Kí n kọ́ yín ní kí ni?

NỌ́Ọ̀SÌ: Bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Ó di ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ka lẹ́tà dókítà, mi ò rí irú tìrẹ rí. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ìlà ń hó ṣààà, bí òjò lórí páànù.]

DÓKÍTÀ: Ẹ ń já. Irú tèmi báwo?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ní irú tìrẹ ò wọ́pọ̀!

DÓKÍTÀ: Háà, ẹ ṣeun, Àǹtí. Ọlọ́run ló ń ṣe é.

NỌ́Ọ̀SÌ: Má ti Ọlọ́run mọ́ ọn. Ọlọ́run kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Jẹ́ kí n kì ọ́ díẹ̀. Ọkọ mi, a-kọ-lẹ́tà-bí-ẹni-ń-sá-fún-òjò! A-fi-ọ̀rọ̀-márùn-ún-di-odidi-ènìyàn-lẹ́rù! Ọmọ tó bi aláìsàn léèrè kó tó jókòó, tó ti ń kí i pé ó dàbọ̀ kó tó dáhùn! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, báírò rẹ ò gbẹ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ ò rẹ̀, síbẹ̀ —

DÓKÍTÀ: Àǹtí, kí ni mo ṣe?

NỌ́Ọ̀SÌ: O ò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni ẹjọ́. Lẹ́tà rẹ ló wà níwájú mi. Ṣé kí n kà á? Kò ní pẹ́, èémí kan ti tó o.

DÓKÍTÀ: Ẹ kà á.

NỌ́Ọ̀SÌ: "Dear Colleague. Body pains. Kindly see. Thanks." Ó parí. Mo yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí ọkàn ọmọ tuntun. Mo gbé e sókè sí iná, mo ní bóyá omi ọsàn tí iná ń mú hàn lo fi kọ ìyókù.

DÓKÍTÀ: Ṣùgbọ́n Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí —

NỌ́Ọ̀SÌ: Ààbọ̀ ni wọ́n wí! Èyí tí o sọ yìí, tó bá dé inú ọmọlúàbí, kò lè di odidi láéláé. Inú ọmọlúàbí á kàn máa kùn ni. Body! Ara wo nínú ara? Àtàǹpàkò ni àbí àgbárí?

DÓKÍTÀ: Àǹtí, ènìyàn méjìlélógójì ló jókòó sí bẹ́ǹṣì mi láàárọ̀ yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ ló kàn wọ́n.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ kú wàhálà, sà. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn, mélòó lo fi wo ọwọ́ ènìyàn?

DÓKÍTÀ: Ọwọ́ kẹ̀?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó ní ọwọ́ kẹ̀! Ta ló fi obìnrin yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀ka oríkèé, èmi ni? Obìnrin, ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ìyẹn nìkan ni mo rí kà lórí páálí rẹ̀. Ṣé o rántí rẹ̀, àbí kí n bá ọ bi í?

DÓKÍTÀ: Mẹ́tàdínláàádọ́ta... Áà, mo rántí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, Àǹtí. Mo ṣe àyẹ̀wò làkúrègbé fún un, negative ni. Torí náà kì í ṣe ohun tó le. Mo kàn ní kẹ́ ẹ wò ó láti fi —

NỌ́Ọ̀SÌ: Láti fi tù ú nínú.

DÓKÍTÀ: Bẹ́ẹ̀ ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí a kó mẹ́wàá jọ nínú àwọn tí làkúrègbé ń jẹ oríkèé wọn lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ nǹkan bíi mẹ́ta nínú wọn á mọ́ tónítóní. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń rẹ́rìn-ín, oríkèé wọn ń sunkún. Ìwọ wo ẹ̀jẹ̀, o ò wo oríkèé. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní ilé rẹ̀ ń jó tó lọ yẹ kànga wò, tó ní omi wà, kò séwu. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ariwo. Ohùn rẹ̀ lọ, ó tún bọ̀.]

DÓKÍTÀ: — gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gún obìnrin yìí lábẹ́rẹ́ kíá, kí n tún pè yín. Òun gan-an náà ló wà níbí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Òun wo?

DÓKÍTÀ: Òun tí à ń sọ. Ìyá Aránṣọ. Ó ní ìrora náà ò jẹ́ kí òun sùn, mo wá ní kí n fún un ní sítẹ́rọ́ìdì kan —

NỌ́Ọ̀SÌ: Gbé e sílẹ̀.

DÓKÍTÀ: Ẹ ní kí ni?

NỌ́Ọ̀SÌ: Abẹ́rẹ́ yẹn. Gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, kí n gbọ́ ìró rẹ̀.

[Ìró nǹkan kékeré lórí abọ́ irin.]

DÓKÍTÀ: Mo ti gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa bá a mú ìrora kúrò, Àǹtí —

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó máa mú un kúrò! Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Tí o bá gún un lónìí, wíwú á wálẹ̀, tó bá dé iwájú ọ̀gá mi, dókítà oríkèé, ọwọ́ rẹ̀ á jọ̀lọ̀ bí ọwọ́ ìyàwó tuntun. Ọ̀gá á ní, "Madam, ara yín le, ẹ máa lọ sílé." Bí abẹ́rẹ́ bá sì ti ṣíwọ́, àrùn á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. O fẹ́ bá olè nu ipasẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé. O ṣeun, ọmọ rere.

DÓKÍTÀ: Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo mọ̀ pé o ò rò ó. Wò ó, agogo mẹ́rin ni ọ̀gá mi ń yan àwọn tó máa rí. Lọ́la ló ń lọ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aago mélòó lo ní?

DÓKÍTÀ: Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

NỌ́Ọ̀SÌ: Nígbà náà, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la ní láti sọ ọ́ di dókítà. Fi fóònù sí sípíkà. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ìró bọ́tìnnì. Ohùn yàrá náà là: fáànù tó ń ké, ọmọdé tó ń sunkún níta, ẹni tó ń húkọ́.]

DÓKÍTÀ: Ìyá, ẹ̀gbọ́n màmá mi — rárá, àbúrò màmá mi nìyí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n nílé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

ARÁNṢỌ: Ẹ káàsán o, màá.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ káàsán, Ìyá. Báwo ni ara?

ARÁNṢỌ: A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, màá. Ara le.

DÓKÍTÀ: Ẹ gbọ́ ọ! Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá. Ó wà nínú fáìlì mi: "Patient says she is fine."

NỌ́Ọ̀SÌ: O kọ ìyẹn sílẹ̀?

DÓKÍTÀ: Pẹ̀lú déètì.

NỌ́Ọ̀SÌ: Olúwa, ẹ bá mi mú ahọ́n mi dání. O kí obìnrin, ó dá ọ lóhùn bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé, o wá sọ ìkíni di àyẹ̀wò! Tí ó bá ní "ẹ kú ọ̀sán" ńkọ́, ṣé wàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé oòrùn ló ń ṣe é? Ẹni tí wọ́n ń sin òkú lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀, tí o bá kí i, "a dúpẹ́" ló máa sọ!

ARÁNṢỌ: Ẹ má bínú sí i, màá. Dókítà dáadáa ni. Ó ń yára ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo rí i pé ó ń yára, Ìyá. Ibi tó ń lọ ni mi ò rí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní tèmi. Iṣẹ́ aránṣọ lẹ ń ṣe?

ARÁNṢỌ: Bẹ́ẹ̀ ni, màá. Aṣọ ọmọ ilé ìwé ni mo ń rán jù.

NỌ́Ọ̀SÌ: Agogo mélòó lẹ máa ń jí?

ARÁNṢỌ: Márùn-ún. Mo máa ń gbàdúrà kọ́kọ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Àdúrà á gbà. Agogo mélòó lẹ lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ máṣíìnì?

[Bẹ́ẹ̀dì dún: Aránṣọ dìde jókòó.]

ARÁNṢỌ: Tẹ́lẹ̀ ni àbí nísinsìnyí?

NỌ́Ọ̀SÌ: Nísinsìnyí.

ARÁNṢỌ: Ó ń tó agogo mẹ́jọ, màá. Nígbà mìíràn mẹ́jọ ààbọ̀. Bí mo bá jí, ọwọ́ mi á le gan-gan bí igi. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́rí kí àwọn oníbàárà má baà rí mi. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi de bọ́tìnnì.

DÓKÍTÀ: Ìyá, ẹ ò sọ èyí fún mi rí!

ARÁNṢỌ: Ẹ ò bi mí nípa òwú, sà. "Ṣé dáadáa ni?" lẹ bi mí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Hẹ̀n-ẹ́n. Dókítà, ṣé o gbọ́ wọn? Mú báírò. Kọ ọ́: bí ọwọ́ bá le láàárọ̀, ó ń tó wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rọ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ àṣejù lásán ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kì í ṣe wákàtí. Wá wo ọwọ́ náà báyìí. Ojú ni kí o fi wò ó o, má fi fáìlì wò ó.

[Àga wọ́ nílẹ̀.]

DÓKÍTÀ: Ó dà bíi pé... ó wú.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó dà bíi pé! Ṣé àlá lo ń lá ni? Ka oríkèé tó wú fún mi.

DÓKÍTÀ: Ọ̀kan, èjì... mẹ́ta ní ọwọ́ ọ̀tún. Mẹ́ta ní òsì. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún náà gbóná. Àǹtí, ìka kékeré ọwọ́ òsì, ó wọ́. Mo gbìyànjú láti nà á, kò nà.

NỌ́Ọ̀SÌ: [ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀] Fi í sílẹ̀. Má fipá nà á. Báyìí, bọ wọ́n lọ́wọ́. Di ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà mú lọ́tùn-ún lósì, níbi tí ìka ti pàdé àtẹ́lẹwọ́, kí o rọra fún un pọ̀. Rọra o, kì í ṣe bí ẹni tó ń fún aṣọ —

ARÁNṢỌ: Yéè! Yéè, mo gbé o!

[Nǹkan irin jábọ́ sórí símẹ́ǹtì, ó ń yí lọ. Ọmọ tó ń sunkún níta dákẹ́ láti gbọ́.]

DÓKÍTÀ: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ foríjì mí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Dókítà, kọ igbe yẹn sílẹ̀. Igbe yẹn gùn ju lẹ́tà rẹ lọ, ó sì là yéni jù ú lọ. Ìyá, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?

ARÁNṢỌ: Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, màá.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó dá yín lójú?

ARÁNṢỌ: Aránṣọ kì í ṣi nǹkan wọ̀n, màá. Ọjọ́ tí mo gé aṣọ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ni sísọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mọ́kànlá. Tí a bá tètè mú un láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá àkọ́kọ́, apá oògùn máa ń ká a. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù nílẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ fi sítẹ́rọ́ìdì kùn ún ní ọ̀dà. Kọ lẹ́tà, Dókítà. Tó o bá kọ ọ́ tán, kà á lédè wa, kí Ìyá náà gbọ́ ohun tí à ń sọ nípa ara wọn. Ṣé o gbọ́ mi?

[Báírò ń họ ìwé. Ìlà hó, ó tún là.]

DÓKÍTÀ: — tán. Ẹ gbọ́: "Aránṣọ ni, ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Oríkèé ìka mẹ́fà wú, ọwọ́ méjèèjì, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún náà wú. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Láàárọ̀, ó ń tó wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọwọ́ tó rọ̀. Bí a bá fún ọwọ́ náà pọ̀, ó ń ké. Ìka kékeré òsì ti ń wọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo fura gidigidi pé làkúrègbé ló ń jẹ oríkèé rẹ̀. N kò fún un ní sítẹ́rọ́ìdì. Urgent. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó padà sílé."

[Báírò bọ́ sórí tábìlì.]

NỌ́Ọ̀SÌ: Ta ló kọ ìyẹn?

DÓKÍTÀ: Èmi ni, Àǹtí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Irọ́ ni. Wọ́n ti jí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé, wọ́n fi dókítà rọ́pò rẹ̀. Ìlà ìkẹyìn yẹn kì í ṣe gírámà lẹ́tà dókítà, ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ya fọ́tò rẹ̀, fi í ránṣẹ́ sí mi. Ẹ dúró, ẹ má pa fóònù.

[Fóònù kígbe kékeré: fọ́tò ti dé. Bàtà Nọ́ọ̀sì ń sáré lórí táìlì. Ọdún mẹ́ta ti pé tí ẹnikẹ́ni ti rí i tó sáré kẹ́yìn. Ó kan ilẹ̀kùn. Ohùn ọkùnrin kan jẹ́jẹ́. Ohùn Nọ́ọ̀sì ga ju tirẹ̀ lọ. Ohùn ọkùnrin náà tún jẹ́jẹ́, ó gùn díẹ̀. Ilẹ̀kùn.]

NỌ́Ọ̀SÌ: Hẹ́lò. Hẹ́lò. Ṣé o gbọ́ mi?

DÓKÍTÀ: A ń gbọ́ yín. Kí ni wọ́n sọ?

NỌ́Ọ̀SÌ: Lọ́la. Agogo mẹ́jọ àárọ̀. Òun ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ rí kó tó máa lọ. Ìyá, ẹ gbọ́ o, ẹ má lo oògùn ìrora kankan láàárọ̀ ọ̀la. Bí ọwọ́ yín bá ti jí, ẹ gbé e bọ̀ bẹ́ẹ̀.

ARÁNṢỌ: Ọlọ́run á gbé yín ga, màá. Ẹ ò ní rí ibi ọmọ. Ṣé kí n kó àwọn ìwé yòókù dání?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ìwé wo?

ARÁNṢỌ: Àwọn méjì àkọ́kọ́ tí Dókítà kọ. Mo gbé wọn wá sójú fèrèsé yín, wọ́n dá wọn padà fún mi láti inú, wọ́n ti lu ọ̀ǹtẹ̀ pupa mọ́ wọn lórí. Mi ò ka Gẹ̀ẹ́sì, màá. Mo rò pé ọ̀ǹtẹ̀ túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà mí. Mo lọ jókòó sílé, mo ń retí kí wọ́n pè mí.

DÓKÍTÀ: Ẹ mú wọn wá kí n wò wọ́n, Ìyá.

[Ìwé ń dún, bí ẹni ń tú u láti inú ọ̀rá.]

DÓKÍTÀ: "Insufficient information. Return to sender." Méjèèjì. Ọ̀kan ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Àǹtí?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ń gbọ́.

DÓKÍTÀ: Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ ń fi falẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi èyí hàn mí. Kò sẹ́ni tó pè mí. Àǹtí, ta ló ń lu ọ̀ǹtẹ̀ pupa níbẹ̀?

NỌ́Ọ̀SÌ: Lẹ́tà ń pọ̀, Dókítà. Tí ìlà kan péré bá ti wà lórí rẹ̀, n kì í ka ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ èyí ni mo ṣèèṣì wò lónìí, tí mo rí orúkọ rẹ —

DÓKÍTÀ: Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ ni ín: bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

[Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn.]

NỌ́Ọ̀SÌ: Kúrò lórí sípíkà. Gbé fóònù fún Ìyá.

[Ìró bọ́tìnnì. Fáànù àti ẹkún ọmọdé lọ jìnnà.]

ARÁNṢỌ: Màá?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ìyá, ọ̀ǹtẹ̀ pupa yẹn, èmi ni mo lù ú. Lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kò túmọ̀ sí pé a gbà yín. Ó túmọ̀ sí pé kí ẹ padà.

ARÁNṢỌ: Ẹ̀yin ni?

NỌ́Ọ̀SÌ: Èmi ni.

[Ìlà hó.]

ARÁNṢỌ: Ẹ kú iṣẹ́, màá. Mo wo ọ̀ǹtẹ̀ yẹn dáadáa o, ojú aránṣọ ni mo fi wò ó. Ó gún régé. Ìka mi ló wọ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ —

[Ìlà já.]